Ilẹ̀ Tí Wọn Kò Lè Gbẹ́ Jìn

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò Mekong máa ń fà sẹ́yìn débi pé yanrìn á gba ìdajì ipadò ní Vientiane, olú-ìlú Láòs. Orí Afárá Ìbáṣọ̀rẹ́ ni mo gbà wọlé láti Táílándì, afárá tí owó Ọsirélíà kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní 1994. Aṣọ́bodè tó gba ìwé ìrìnnà mi yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá wò ó. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n ní kí n máa lọ. Ó jọ pé ọmọ Nàìjíríà kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Oṣù kejì ọdún 2025 ni. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni iye kan tí mo ti kà tipẹ́, tí kò kúrò lọ́kàn mi. Láti 1964 títí di 1973, ìgbà 580,000 ni ọkọ̀ òfurufú ogun Amẹ́ríkà gbéra lọ ju bọ́ǹbù sí Láòs. Bọ́ǹbù náà lé ní mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ ní, bí a bá pín in dọ́gba, ẹrù odindi ọkọ̀ òfurufú kan ló ń já lu ilẹ̀ náà ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ-mẹ́jọ, tọ̀sán-tòru, fún ọdún mẹ́sàn-án. Gbogbo ènìyàn tó wà ní Láòs nígbà náà kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Amẹ́ríkà kò sì kéde ogun sí wọn rí. Bí a bá ní ká wo ìwé àdéhùn, àwọn méjèèjì kò bára wọn jà rárá.

Àárín ìgboro Vientiane ni Patuxai wà, ẹnubodè ràgàjì kan tó jọ èyí tó wà ní Paris, àfi pé àwọn ẹ̀dá inú ìtàn Láòs ni wọ́n yà sára tirẹ̀. Amẹ́ríkà ló ta wọ́n lọ́rẹ símẹ́ǹtì tí wọ́n fi kọ́ ọ, pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n sì ní kí wọ́n fi ṣe. Ìjọba ọba ìgbà náà gba símẹ́ǹtì, ó dúpẹ́, ó fi mọ ẹnubodè. Wọ́n ṣì ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ dòní pé pápá ọkọ̀ òfurufú tó nàró ni. Mo gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dókè, mo wo ìlú náà yíká, ẹ̀fẹ̀ yẹn sì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tí Amẹ́ríkà kó wá sí Láòs ní àwọn ọdún yẹn, símẹ́ǹtì yìí nìkan ni mo mọ̀ pé àwọn ará Láòs fi ṣe ohun tó wù wọ́n.

Faransé ló ń ṣàkóso agbègbè náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Vietnam ṣẹ́gun rẹ̀ ní Dien Bien Phu ní 1954, ó kógbá wọlé, ibi tó sì dìde sí ni Amẹ́ríkà jókòó sí. Owó oṣù gbogbo ṣọ́jà ọba Láòs, láti orí ọ̀gágun dé orí kúrúùtù, Washington ló ń san án. Ẹ̀rù Kọ́múnísìtì ló ń bà wọ́n. Wọ́n ní bí Láòs bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn yẹn, Táílándì á tẹ̀lé e, Kàm̀bódíà á tẹ̀lé e, gbogbo gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà á sì wó lé ara wọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961, tó ku ọ̀la kí wọ́n búra fún Kennedy, Eisenhower tó ń gbéjọba sílẹ̀ jókòó tì í, ó sì kì í nílọ̀ gidigidi nípa Láòs. Ẹ rò ó wò. Orílẹ̀-èdè tí kò létí òkun, tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ ìrẹsì, òun ni ààrẹ tó ń lọ ń fi lé ààrẹ tó ń bọ̀ lọ́wọ́.

Nílé Láòs fúnra rẹ̀, ìjà ọbàkan ni. Souvanna Phouma, ọmọọba tí kò fẹ́ kí ìlú gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, àti Souphanouvong, ọmọọba tó di aṣíwájú Pathet Lao, ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì Láòs, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ìyá ló yà wọ́n. Ọmọọba kẹta, Boun Oum, wá láti gúúsù, ẹ̀yìn òun ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ wà. Ìjà irú èyí le, a mọ̀ bó ṣe máa ń rí nílé ọlọ́ba, ṣùgbọ́n ó máa ń ní àwọn àgbà tó lè bá wọn parí rẹ̀. Wọ́n kúkú gbìyànjú láti jọ ṣèjọba pọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò sí ìgbà tí wọ́n gbìyànjú ẹ̀ tí ẹni tó ń fi owó tàbí ìbọn ran apá kan lọ́wọ́ kò tún tú u ká.

Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru Amẹ́ríkà. Ní Geneva, lọ́jọ́ 23 oṣù keje ọdún 1962, orílẹ̀-èdè 14 fọwọ́ sí i pé kí gbogbo ọmọ ogun àjèjì kúrò ní Láòs, kí wọ́n fi í sílẹ̀ láàárín méjì. Amẹ́ríkà kó tirẹ̀ jáde lójú gbogbo ayé. Vietnam Àríwá kó ìwọ̀nba díẹ̀ jáde, ó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún sílẹ̀ nínú igbó, nítorí pé inú ilẹ̀ Láòs ni ọ̀nà Ho Chi Minh tí wọ́n ń gbà kó ìbọn lọ sí gúúsù là kọjá. Nígbà náà ni Washington dá ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ṣọ́jà kò bá gbọdọ̀ wọlé, ẹni tí kò wọ aṣọ ṣọ́jà lè wọlé. Àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CIA gba iṣẹ́ náà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan tó ń jẹ́ Air America ń bá wọn kó ìrẹsì àti ìbọn. Ẹni tó wá di ọ̀gá ogun gan-an ni aṣojú Amẹ́ríkà ní Vientiane. William Sullivan, tó wà nípò náà láti 1964 sí 1969, tí ènìyàn á rò pé àsè àti ìkíni niṣẹ́ rẹ̀, òun ló láṣẹ lórí ibi tí bọ́ǹbù máa bọ́ sí àti ibi tí kò gbọdọ̀ bọ́ sí.

Ní Vientiane kan náà, nínú ọgbà ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àti apá àtọwọ́dá, àjọ COPE ní gbọ̀ngàn kan tí ènìyàn lè wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹ tó lọ sókè. Ẹsẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fọwọ́ ara wọn ṣe fún ara wọn wà níbẹ̀, ti igi, ti ọparun, ti áàlúmínọ̀ tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ òfurufú tó já. Àwọn kan ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbọ́ pé wọ́n lè fún àwọn ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀. Láti òkè àjà, wọ́n so àwọn bọ́ǹbù róbótó-róbótó kọ́ bí ó ṣe máa ń fọ́n ká nígbà tí ìyá rẹ̀ bá là lójú ọ̀run. “Bombi” ni wọ́n ń pè é ní Láòs. Kò tóbi ju ọsàn mímu lọ. Nǹkan bíi 670 irú rẹ̀ ló máa ń wà nínú bọ́ǹbù ìyá kan, irin wẹ́wẹ́ ló sì kún inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 270 ni wọ́n fọ́n sí Láòs. Wọ́n fojú bù ú pé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kò bú nígbà tó balẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù 80. Ó kàn wọlẹ̀, ó ń dúró.

Ọkọ̀ akérò kékeré ni mo bá gòkè lọ sí Phonsavan, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Xieng Khouang. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tí Ṣáínà kọ́, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2021, kò dé ibẹ̀; Luang Prabang àti ẹnubodè Ṣáínà ló forí lé, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn Láòs, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ojú ọ̀nà wa lọ́ bí ó ṣe ń gòkè. Ìgbà tí wọ́n ń sun oko ni, èéfín bo gbogbo òkè, ojú ń ta wá. Kò jìnnà sápá ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀ ni Bọ́mà wà, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti kó àwọn bàbá wa lọ bá àwọn ará Jàpáàn jà nígbà ogun Hitler. Ní ọ̀pọ̀ agboolé nílẹ̀ Yorùbá, bàbá kan wà tí wọ́n ń pè ní Bọ́mà títí ó fi kú. Àwọn náà lọ jà nínú igbó tí kò ṣẹ̀ wọ́n, nítorí ìpinnu tí wọ́n ṣe ní London.

Ọkùnrin tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀, ọmọ ẹ̀yà Hmong ni. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ nítorí pé bàbá rẹ̀ kékeré wà ní St. Paul ní Minnesota, ó sì ti ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti kékeré. Mo bi í bí bàbá rẹ̀ kékeré ṣe dé ọ̀hún. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, “Ogun ló gbé e lọ.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì fi dandan bi í. Ohun tí kò sọ náà wà nínú ìwé. Àwọn Hmong orí òkè ni CIA kó jọ láti bá Amẹ́ríkà ja ogun tí ṣọ́jà Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ jà. Vang Pao ni ọ̀gágun wọn, Long Tieng ni bárékè wọn, ìlú kan tó kún fún ènìyàn àti ọkọ̀ òfurufú, síbẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kó fara hàn lórí àwòrán ilẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló kú. Nígbà tí àwọn géńdé tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọdé síṣẹ́ ogun. Nígbà tí Pathet Lao fẹ́ gbàjọba pátápátá ní 1975, ọkọ̀ òfurufú wá kó Vang Pao àti àwọn díẹ̀ lọ. Àwọn tó kù fi ẹsẹ̀ wọn rìn dé Mekong, ọ̀pọ̀ ló sì bómi lọ. Vang Pao kú ní California ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011. Àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sin ín sí Arlington, ibi tí Amẹ́ríkà ń sin àwọn akọni ogun rẹ̀ sí. Wọ́n kọ̀ fún wọn.

Phonsavan tutù lówùúrọ̀. Mo wọ súwẹ́tà, mo tún da aṣọ bora. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n kọ́ ọ, títì rẹ̀ sì gbòòrò ju ohun tí ìlú náà nílò lọ. Èèpo bọ́ǹbù ìyá wà káàkiri: wọ́n rì í mọ́lẹ̀ ṣe ọgbà, wọ́n gbin àlùbọ́sà eléwé sínú rẹ̀, wọ́n fi gbé abà ró kí eku má baà gùn ún. Àwọn ilé-ìwé kan ń fi ṣe agogo. Níbi tí mo ti jẹ ìrẹsì alẹ̀mọ́wọ́ tí wọ́n gbé wá nínú agbọ̀n, wọ́n to èèpo náà sí ẹnu ọ̀nà fún àwọn arìnrìn-àjò láti yà ní fọ́tò. Mi ò ya fọ́tò rẹ̀.

Awakọ̀ tí mo háyà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kàwé ní Vientiane tó sì padà sílé torí ìyá rẹ̀, ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹ̀gbọ́n ní èdè wọn pè mí. Pápá Ìkòkò ló kọ́kọ́ gbé mi lọ. Ó lé ní 2,100 ìkòkò òkúta tó wà káàkiri òkè wọ̀nyẹn, àwọn mìíràn ga ju ènìyàn lọ, àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ wọn ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn nítorí ìsìnkú. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ fani mọ́ra jù bẹ́ẹ̀: wọ́n ní ọba kan ṣẹ́gun, ó sì ní kí àwọn òmìrán òun fi òkúta ṣe ìkòkò tí àwọn máa fi pọn ọtí. Ní 2019, UNESCO fi ibẹ̀ kún àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ bí wọn kò bá kọ́kọ́ kó bọ́ǹbù kúrò láàárín ìkòkò. Àjọ MAG, tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rì bíríkì kéékèèké mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Apá tí bíríkì ti funfun, wọ́n ti yẹ inú ilẹ̀ wò, tẹ̀ ẹ́. Apá tó pupa, òkè ilẹ̀ nìkan ni wọ́n wò. Mo ti rin ìrìn àjò díẹ̀ láyé, mi ò tíì wo ibi tí ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀ tó bí mo ṣe wò ó lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ iléèwé tó wá láti Luang Prabang ń sáré kiri lápá funfun, olùkọ́ wọn ń pariwo lé wọn lórí. Láàárín ìkòkò méjì, kòtò bọ́ǹbù kan wà tí koríko ti hù sí, ó fẹ̀ tó pálọ̀.

Láti ibẹ̀ a lọ sí Muang Khoun. Ìlú aládé ni nígbà kan, olú-ìlú ìjọba àwọn Phuan, tó kún fún tẹ́ńpìlì. Bọ́ǹbù kò fi nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ju òpó mélòó kan lọ àti ère Buddha ńlá kan ní Wat Phia Wat tó jókòó láìsí òrùlé, tí ojú rẹ̀ ti ya. Àwọn ìyá àgbà wá gbé òdòdó sí i lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún ojú náà ṣe, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá yé mi ju ibi gbogbo lọ ni Tham Piu, ihò àpáta kan lápá Muang Kham, lójú ọ̀nà tó lọ sí Vietnam. Ènìyàn ní láti gun àtẹ̀gùn dé ẹnu rẹ̀. Inú rẹ̀ ga, ó dúdú, ògiri rẹ̀ ti jó. Àwọn ará abúlé ń gbé inú rẹ̀ nígbà ogun nítorí pé òde kò ṣeé gbé, òru ni wọ́n fi ń jáde lọ dáko. Lọ́jọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 1968, ọkọ̀ òfurufú kan yin rọ́kẹ́ẹ̀tì wọ inú ihò náà. Ènìyàn 374 ni wọ́n kọ sí ìrántí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ náà dáadáa. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, tí ìdìbò ààrẹ ku ọjọ́ díẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Johnson jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun ti pàṣẹ kí wọ́n dáwọ́ bọ́ǹbù dúró lórí Vietnam Àríwá kí ọ̀rọ̀ àlàáfíà lè tẹ̀ síwájú. Ayé pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń wọ́de kiri nítorí Vietnam rò pé àwọn ti rí èrè àárẹ̀ àwọn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú tó wà ní bárékè Táílándì kò padà sílé. Awakọ̀ wọn wà níbẹ̀, epo wà níbẹ̀, bọ́ǹbù wà níbẹ̀. Láòs ni wọ́n darí wọn sí. Láti ìgbà náà ni bọ́ǹbù tó ń bọ́ sí Xieng Khouang fi pọ̀ dé ìwọ̀n tí kò pọ̀ dé rí, títí tí wọ́n fi kó àwọn tó ṣẹ́kù ní Pápá Ìkòkò wá sí àgọ́ ní Vientiane. Ìròyìn ayọ̀ ni ní Washington. Ìròyìn ayọ̀ kan náà ló dé orí òkè yìí.

Nítorí ìyẹn ni mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ìkórìíra ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Láòs. Ì bá sàn díẹ̀ bí ó bá jẹ́ ìkórìíra. Ẹni tó kórìíra rẹ mọ orúkọ rẹ. Àwọn tó ṣe ìpinnu yìí kò ní Láòs lọ́kàn. Vietnam ló wà lọ́kàn wọn, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ló wà lẹ́yìn Vietnam, ìbò ilé wọn ló sì wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Láòs kàn wà lójú ọ̀nà. Àwọn ọkọ̀ mìíràn tí wọn kò rí ibi ju bọ́ǹbù sí ní Vietnam da tiwọn sí Láòs kí wọ́n tó balẹ̀ ní Táílándì, nítorí pé ó léwu láti gbé e balẹ̀. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà gan-an kò mọ bó ṣe pọ̀ tó. Inú yàrá àtìpa ni ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ Symington ti gbọ́ ọ ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, oṣù kẹta ọdún 1970 ni Nixon tó wá bá aráàlú rẹ̀ sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé Amẹ́ríkà kan, Fred Branfman, tó wá ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́, ló lọ bá àwọn tó sá wá láti Pápá Ìkòkò ní àgọ́, ó fún wọn ní ìwé àti pẹ́ńsù, ó ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rí. Ìwé tó fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ wọn ṣe jáde ní 1972. Ó ku ọdún kan kí bọ́ǹbù dáwọ́ dúró.

Àwọn Yorùbá ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Láti ìgbà tí ogun ti parí, ó lé ní 20,000 ènìyàn tí bọ́ǹbù tó kù sílẹ̀ ti pa tàbí ṣe léṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò tíì bí nígbà tí wọ́n jù ú. Ọkọ́ àgbẹ̀ ló ń kàn án. Iná ìdáná tí wọ́n dá sórí ilẹ̀ ló ń mú un gbóná. Ọmọdé ló ń rí i, tó ń rò pé bọ́ọ̀lù ni. Àwọn mìíràn ń wá irin tà. Ní Ban Napia, tí kò jìnnà sí Phonsavan, wọ́n ń yọ́ áàlúmínọ̀ inú ohun ìjà àti ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ń dà á sínú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi igi àti eérú ṣe, wọ́n ń fi rọ ṣíbí. Ṣíbí náà fúyẹ́ débi pé ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ láìmọ̀. Obìnrin tó tà á fún mi kò gbà kí n yọ owó. Mo yọ díẹ̀ náà, bí a ti máa ń ṣe.

Obama ni ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó dé Láòs nígbà tó wà lórí oyè, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ó sọ pé ó jẹ́ gbèsè lọ́rùn orílẹ̀-èdè òun láti bá Láòs wo ọgbẹ́ náà sàn, ó sì ṣèlérí mílíọ̀nù 90 dọ́là fún ọdún mẹ́ta. Kò tọrọ àforíjì. Àdéhùn tó fòfin de irú bọ́ǹbù yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, Vientiane sì ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣèpàdé. Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà náà kò fọwọ́ sí i. Ní 2023, Amẹ́ríkà kó irú rẹ̀ fún Ukraine. Síbẹ̀, òtítọ́ ni pé owó Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n fi ń kó bọ́ǹbù ní Láòs. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí àwọn ará Láòs lè bínú tán, ìyẹn náà ló jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀: ìjọba tuntun ní Washington dá owó ìrànlọ́wọ́ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́ kí wọ́n fi tún un gbé yẹ̀ wò, owó tí wọ́n fi ń kó bọ́ǹbù sì wà nínú rẹ̀. Mo rí ọkọ̀ funfun tí wọ́n tò kalẹ̀ nínú ọgbà àjọ kan ní Phonsavan lọ́jọ́ iṣẹ́, eruku ti bo gíláàsì wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ wá bọ́ǹbù nínú pápá tẹ́lẹ̀ ń ta nọ́ńdù lẹ́bàá ọjà. Ó ní wọ́n ní kí àwọn máa retí.

Lójú ọ̀nà padà, awakọ̀ mi bi mí bóyá irú ogun báyìí ti dé ọ̀dọ̀ wa rí. Mo sọ̀rọ̀ Líbíà fún un. Lọ́jọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2011, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu tí àwọn alágbára fi lọ ju bọ́ǹbù sí Líbíà. Nọ́ńbà ìpinnu náà ni 1973, ọdún tí bọ́ǹbù dáwọ́ dúró ní Láòs gan-an. Gaddafi kú ní oṣù kẹwàá, wọ́n ní iṣẹ́ parí, wọ́n lọ. Ìbọn inú ilé ìkóhun-ìjà rẹ̀ gba aṣálẹ̀ kọjá. Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní Mali, láti ibẹ̀ ni iná náà sì ti ràn káàkiri etí aṣálẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà dìbò lórí ẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Nàìjíríà wà nínú Ìgbìmọ̀ náà lọ́dún yẹn, a sì dìbò pé kí wọ́n lọ. Kò fèsì fún ìgbà díẹ̀, ó ń wá ọ̀nà àtikọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan. Nígbà tó kọjá tán, ó ní, “Ó kéré tán, wọ́n bi yín.”

Ó yà sílé ìyá rẹ̀ kí n lè kí i. Ilẹ̀ wọn dà sísàlẹ̀ lẹ́yìn ilé títí dé etí omi kan. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn sápá òkè, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ro láti ọdún 1976, tí ọkọ́ ti kan gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ láti kàn. Ìsàlẹ̀ ni ó fẹ́ gbẹ́ adágún ẹja sí. Ó ti ṣírò iye ẹja tí ó máa kó sí i, ó ti bá oníkatakata sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n oníkatakata kò ní wá àfi tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ náà wò tó mítà méjì wọlẹ̀. Orúkọ abúlé wọn wà lára àwọn tí àjọ tó ń kó bọ́ǹbù máa dé lẹ́yìn ọdún tuntun Láòs ní oṣù kẹrin. Ó pe ọ́fíìsì wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà tí mo dé, wọ́n ní kó pe àwọn padà lẹ́yìn 90 ọjọ́. Ìyá rẹ̀ ní kí ó gbẹ́ ẹ sápá òkè, kí ó yọ ìrẹsì kúrò níbẹ̀. Orí ìyẹn ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé nígbà tí mo ní kí n máa lọ.